Ọ̀pá tí Kò Dún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ má fi bí mo ṣe kọ ọ́ bínú. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, ibẹ̀ ni ìwé kíkà mi dúró sí. Láti ìgbà náà, ohun tí ọwọ́ mi ń kọ kò ju orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù lọ. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àǹtí mi lórí ẹní nílé ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Bí ibì kan bá rí wúruwùru, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín.

Dọ̀pẹ̀mú ni mò ń gbé nígbà náà, lọ́dọ̀ àǹtí mi. Òun ló gbọ́ pé wọ́n ń wá obìnrin tó lè ru yanrìn níbi gọ́tà kan tí wọ́n ń ṣe ní àdúgbò kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, lẹ́yìn títì tó lọ sí Ìdímù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, n kò sọ ju "ẹ káàárọ̀ sà" lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n fún mi ní páànù, mo ru yanrìn. Bí mo bá ti da tèmi sílẹ̀ tán, ẹ̀yìn bárò ni mo máa ń lọ dúró sí kí ojú má bàa wò mí. Ojú máa ń tì mí. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta ni Ẹnjiníà Ajíbádé rí mi. Òun ni ọ̀gá gbogbo iṣẹ́ náà. Ará Èkìtì ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí bíi káfíńtà. Ó gbé ẹ̀rọ kan ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń wá ẹni tó máa bá a di ọ̀pá gígùn kan mú níwájú.

"Mo ti lé ẹni mẹ́ta kúrò nídìí ọ̀pá yìí," ó ní. "Ọ̀kan ń gba fóònù, ọ̀kan ń fara tì í bí arúgbó, ọ̀kan ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ìwọ tó ń sá pamọ́ sẹ́yìn bárò yẹn, wá. Ṣé o lè dúró kí o má mira?"

Mo mi orí pé mo lè ṣe é.

"Mo ní kí o má mira, o ti ń mi orí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe di ẹni tó ń di ọ̀pá mú nìyẹn, tí mo kúrò nídìí yanrìn.

Kí n tó débẹ̀, mo rò pé ẹnjiníà ni ẹni tó mọ ilé kọ́ jù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ló ń kọ́lé. Ohun tí mo rí tí ẹnjiníà ń ṣe ni pé ó ń ro ohun tí nǹkan máa ṣe kí nǹkan náà tó ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi máa gbà kí òjò tó rọ̀, kó sì mọ bí títì ṣe máa gba ẹrù tírélà kí tírélà tó dé. Ó ní agolo irin kan tó dà bíi fìlà tí kò ní òrùlé. Ó máa ń rọ kọnkéré tútù sínú rẹ̀, ó máa fà á yọ, á wá wo bí kọnkéré náà ṣe wó lulẹ̀ tó. Bó bá wó jù, omi rẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn. Ó tún máa ń bu kọnkéré sínú àpótí irin kékeré, á jẹ́ kó gan dáadáa, á wá ní kí wọ́n lọ fọ́ ọ kí òun lè mọ bó ṣe le tó.

Bàbá Gàníyù tó jẹ́ fóòmánù wa kì í lè pa ẹnu mọ́ lórí ìyẹn. Bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi. "Ẹ wo ìwé tí wọ́n kà," ó máa ń wí. "Wọ́n á mọ búlọ́ọ̀kù tán, wọ́n á fi máṣíìnì fọ́ ọ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fọ́ ti yín kékeré lónìí, kí títì má fọ́ lọ́la," Ẹnjiníà máa ń dá a lóhùn.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n ń pè ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ó dà bíi kámẹ́rà, ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi máa ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Àwọn obìnrin á tún gèlè wé. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wọlé lọ wọ bàtà. Fọ́tò kọ́. Ojú ẹ̀rọ náà ń wò gbọọrọ ni, kì í wòkè, kì í wolẹ̀. Èmi á gbé ọ̀pá náà dúró síbi tí Ẹnjiníà bá ní kí n gbé e sí. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nọ́ńbà tó bá bọ́ sójú ẹ̀rọ ni Ẹnjiníà máa kọ sínú ìwé. Bí nọ́ńbà náà bá pọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Bó bá kéré, ilẹ̀ ibẹ̀ ga. Kò kọ́kọ́ yé mi, àfi ìgbà tí Ẹnjiníà ní kí n rò ó bí ẹni tó wọ odò: ibi tó bá jìn ni omi ti máa dé ọrùn rẹ̀, ibi tí kò jìn, kókósẹ̀ ló máa mọ.

Ọ̀pá náà máa ń wọnú ara rẹ̀ bí eriali rédíò. Ẹ̀là mẹ́rin ni. Bí a bá fa ẹ̀là kan jáde dé òpin, bọ́tìnnì kékeré kan á yọ jáde, á sì dún kó. Dídún yẹn ló ń fi hàn pé ó ti jókòó. Bí kò bá dún, kò tíì jókòó, ó lè rọra sọ̀ kalẹ̀ wọnú èyí tó wà nísàlẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ á sì di irọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni Ẹnjiníà ti kì mí nílọ̀: "Rísì, etí ni kí o fi ṣe é, kì í ṣe ojú. Gbọ́ ọ kí o tó gbé e dúró."

Ìyàwó Ọ̀pá ni Bàbá Gàníyù ń pè mí, nítorí pé ọ̀pá ni mo máa ń gbá mọ́ra láti àárọ̀. Òun kò nígbàgbọ́ nínú lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Rọ́bà gígùn tínrín kan tó mọ́ gaara ló ní, tó kún fún omi. Bí ẹni kan bá di etí kan mú níhìn-ín, tí ẹlòmíì di etí kejì mú lọ́hùn-ún, omi inú rẹ̀ á dọ́gba, a ó sì mọ ibi tó ga. "Omi kò nílò ìwé," ó máa ń wí.

Ilé Màmá Tíṣà la máa ń kó irinṣẹ́ sí bí a bá ti ṣíwọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Oǹdó, òun nìkan ló ń gbénú ilé náà. Ilé rẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù ní gbogbo àdúgbò yẹn, bí òjò bá sì ti rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo omi ń wá. Ó ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ògiri kọ́rídọ̀ rẹ̀, ọdọọdún, níbi tí omi bá dé, á sì kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà tó ga jù dé orúnkún mi. Nínú yàrá, ó gbé àpótí kan ka orí búlọ́ọ̀kù mẹ́fà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́tò náà ni omi ti mú ojú wọn lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo gbé ọ̀pá wọlé, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ wo ilẹ̀, ṣé omi yìí máa lọ lọ́dún yìí?"

N kì í sábà dá àgbà lóhùn ọ̀rọ̀ gígùn. Mo ní, "Ó máa lọ, mà."

"Ó dáa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Nígbà tí gọ́tà náà kù díẹ̀ kó parí ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Apá ìkẹyìn ló kù, èyí tó kọjá níwájú ilé Màmá Tíṣà lọ bá ihò ńlá tó gba abẹ́ títì kọjá. Inú ihò yẹn ni gbogbo omi àdúgbò máa gbà lọ. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, iṣẹ́ tiwa ni kí a kan èèkàn sílẹ̀ lọ títí, kí àwọn lébìrà lè mọ ibi tí ìsàlẹ̀ gọ́tà máa wà. Ọjọ́ kejì ni kọnkéré ń bọ̀.

Ibi kan wà tí a ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òkúta kọnkéré kékeré kan ni, lẹ́bàá ògiri, tí ìṣó wà lórí rẹ̀. Ẹnjiníà mọ bí òkúta náà ṣe ga tó gan-an, ara rẹ̀ ló sì ti ń ṣírò gíga gbogbo ibi yòókù. Bí a bá ṣì í níbi òkúta, a ti ṣì í níbi gbogbo nìyẹn.

Mo gbé ọ̀pá débẹ̀. Òkè ni ẹ̀rọ wà, òkúta sì wà nísàlẹ̀, nítorí náà mo ní láti fa ẹ̀là kejì jáde. Àwọn tó ń lọ ata wà ní òdìkejì, ẹ̀rọ wọn sì ń ké burúkú. Bàbá kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tún fìlà rẹ̀ dé, ó pè mí.

"Ọmọge, fọ́tò yẹn ńkọ́, ìgbà wo ló máa jáde?"

Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ń wò mí. Ojú tì mí dé ẹsẹ̀, mo sáré gbé ọ̀pá dúró kí wọ́n lè kúrò lọ́rọ̀ mi. Ẹnjiníà wò ó, ó kọ ọ́, ó juwọ́ pé kí n máa bọ̀.

Mo sọ ọ̀pá kalẹ̀ kí n lè tì í wọlé, torí mo fẹ́ gba abẹ́ ìbòjì ṣọ́ọ̀bù kọjá. Mo wá bọ́tìnnì láti tẹ̀ ẹ́, n kò rí i níta. Ẹ̀là kejì kàn wọlé fúnra rẹ̀ ni, láìsí pé mo tẹ nǹkan kan.

Mo dúró síbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ìgbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀ ló já. Ẹnjiníà ti ń pè mí láti òkè, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sì ṣì ń wò mí. Mo gbé ọ̀pá, mo lọ. Níbi èèkàn kìíní, mo fà á jáde, ó dún kó. Níbi ìkejì náà, ó dún. Gbogbo wọn ló dún títí a fi dé ẹnu ihò, bí wọ́n sì ṣe ń dún ni ọkàn mi ń bàjẹ́ sí i.

Ní ọ̀sán, mo lọ jókòó sí kọ́rídọ̀ Màmá Tíṣà. Ó bu omi fún mi.

"Wọ́n ní ọ̀la ni kọnkéré," ó ní. "Bí ẹ bá ti dà á tán, ẹ bá mi gbé àpótí mi sọ̀ kalẹ̀. Ó ti pẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù jù."

Mo mu omi náà, n kò lè wò ó lójú. Mò ń rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé mi bí wọ́n ṣe lé àwọn mẹ́ta ìṣáájú, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, ta ló máa mọ̀? Iwájú mi gan-an ni ìlà pẹ́ńsùlù yẹn wà lára ògiri.

Nígbà tí Bàbá Gàníyù ń ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì, mo lọ bá Ẹnjiníà níbi tó ti ń wo irin. Dírẹ́bà ti gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ sí Ìgàndò, wọ́n nílò rẹ̀ níbòmíì.

"Sà," mo ní.

Kò gbọ́. Mo tún un pè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀pá yẹn kò dún láàárọ̀."

"Ọ̀pá wo?"

"Níbi òkúta, sà. N kò gbọ́ kó dún. Nígbà tí mo fẹ́ tì í, ó kàn wọlé fúnra rẹ̀."

Ó yọ pẹ́ńsùlù kúrò létí. "Níbi òkúta nìkan ni, àbí níbi àwọn èèkàn náà?"

"Níbi òkúta nìkan, sà. Àwọn yòókù dún."

"Ì bá sàn kó má dún níbì kankan," ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé bí àṣìṣe kan náà bá wà níbi gbogbo, á pa ara rẹ̀ rẹ́. Èyí tó wà níbì kan ṣoṣo ló burú. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láàárọ̀?"

"Ojú ń tì mí, sà."

Ó wò mí. "Ojú ń tì ọ́," ó ní, jẹ́jẹ́. Ó pe Bàbá Gàníyù. "Bàbá, bí ẹ bá kírun tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú rọ́bà yín wá."

Inú Bàbá Gàníyù dùn débi pé ìrun rẹ̀ kò pẹ́. Ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ti dí ẹnu ihò abẹ́ títì yẹn, kò sẹ́ni tó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí, inú ìwé nìkan la ti mọ bó ṣe jìn tó. Lébìrà méjì fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ náà títí irin fi kan kọnkéré. Èmi di etí kan rọ́bà mú síbẹ̀. Bàbá Gàníyù di èkejì mú síbi èèkàn ìkẹyìn. A dúró kí omi balẹ̀. Ó fi tépù wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Ẹnjiníà," ó ní, "gọ́tà wa rẹlẹ̀ ju ihò yìí lọ. Inú gọ́tà ni omi máa dúró sí."

Ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi ló fi rẹlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi lé e, ó ṣe rẹ́gí. Ìbú ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn ni kò ní jẹ́ kí omi lọ, ilé Màmá Tíṣà ló sì máa padà sí. A fa rọ́bà náà láti èèkàn dé èèkàn. Gbogbo èyí tí a kàn láàárọ̀ ló rẹlẹ̀ bákan náà.

Àwọn lébìrà bínú, torí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi tí èèkàn àárọ̀ sọ. Ìkejì ìgbà nìyẹn tí wọ́n máa ṣe ilẹ̀ kan náà. A ní láti gbé èèkàn sókè, kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sábẹ́, kí a sì gún un mọ́lẹ̀ kó le. N kò dúró sẹ́yìn bárò lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé páànù mi, mo bá wọn rù ú.

"Ìyàwó Ọ̀pá," Bàbá Gàníyù ní bí mo ṣe ń kọjá, "ọkọ rẹ purọ́ fún wa lónìí o."

"Ẹ má bínú, sà."

"N kò bínú. Ìwọ lo tú u fó. Ìyàwó tó ń tú ọkọ fó kò wọ́pọ̀, jàre. Ẹ kó òkúta, ẹ yé wo ẹnu mi."

Nígbà tí a parí, Ẹnjiníà jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì, ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó fa ìlà kan gba àárín nọ́ńbà àárọ̀ kọjá, ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà náà ṣì hàn lábẹ́ ìlà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bi í ní ìbéèrè nìyẹn. "Sà, kí ló dé tí ẹ kò fi nǹkan pa á rẹ́?"

"A kì í pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé yìí. Bí mo bá pa á rẹ́, ẹni tó bá kà á á rò pé n kò ṣàṣìṣe. Kò ní mọ ibi tó yẹ kí òun ti ṣọ́ra." Ó fi pẹ́ńsùlù tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó ṣófo. "Wò ó. Ó yẹ kí n padà síbi òkúta lẹ́yìn èèkàn ìkẹyìn, kí n wò ó bóyá nọ́ńbà náà á bára mu. N kò padà, torí wọ́n ń dúró de ẹ̀rọ ní Ìgàndò. Tèmi nìyẹn. Tìrẹ ni pé o dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́."

"Ṣé kí n padà sídìí yanrìn, sà?"

"Ta ni kí n wá gbà? Ẹni tí kò tíì ṣì í rí?" Ó wá wo òkè ojú ìwé, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó di ọ̀pá mú. Ó ti máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ lásán. "Kí ni orúkọ rẹ ní kíkún?"

"Rísìkátù, sà."

Ó kọ ọ́ síbẹ̀. "Ẹ̀rọ á padà dé láàárọ̀. A ó tún wo gbogbo rẹ̀ láti ibi òkúta kí kọnkéré tó dé."

Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ wa, mo wọ ọkọ̀ láti Dọ̀pẹ̀mú lọ wò ó. Omi ń sáré gba iwájú ilé Màmá Tíṣà lọ, kò yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Àpótí rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé rédíò lé e. Pẹ́ńsùlù rẹ̀ ni kò rí iṣẹ́ ṣe lọ́dún yẹn.

Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Màmá Tíṣà ṣílẹ̀kùn fún mi, ó padà sídìí àdúrà rẹ̀. Mo tẹ́ ọ̀pá náà sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo fa ẹ̀là kejì jáde, mo fi etí sí i títí ó fi dún. Mo fa ìkẹta, mo fa ìkẹrin. Mo yọ kútẹ́ẹ̀sì pupa tí àǹtí mi fi ń kun èékánná nínú àpò, mo fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìdí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan, níbi tí ó ti yọ jáde gan-an, kó lè jẹ́ pé bí ó bá fi díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìlà náà á wọlé, ojú kò ní rí i mọ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà mo tì í wọlé, mo gbé e lé èjìká, mo sì lọ dúró síbi òkúta.